Iye Imú Mi

Lọ́yà Akínmúrelé ti bébà síwájú mi
ní ọ́fíìsì rẹ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn, Òkè-Lísà, Oǹdó.
"Bàbá Ìbídàpọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò:
owó ilé ìwòsàn, owó ọkọ̀ lọ sí Akúrẹ́,
oṣù mẹ́tàdínlógún tí ẹ kò fi ṣiṣẹ́."
Ìyẹn kò ṣòro. Adétutù kó gbogbo rìsíìtì sínú agolo mílíìkì;
ó tilẹ̀ kọ iye ọsàn tó rà fún mi ní wọ́ọ̀dù
sẹ́yìn páálí ògùn.
"Èyí tó kù ńkọ́?"
Ó gbé gègé sókè, ó ń dúró.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe gíréédà kòkó.
Ẹ gbé àpò wá, màá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́,
màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, màá gbé e sí imú.
Imú á ní: èyí kò lò tó ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Èyí, iná ni wọ́n fi yán an, èéfín wà lára rẹ̀.
Èyí, òjò ti pa á ní Ìdànrè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.
Àwọn àgbẹ̀ a máa ní imú mi kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ṣéènì tó so òṣùwọ̀n rọ̀ ti jẹ tán.
Mo sọ fún Ọ̀gá Ládúnjoyè nínú oṣù Ẹrẹ́nà.
Mo tún sọ lọ́sẹ̀ tí Ìbídàpọ̀ wọ iléèwé girama.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi ọjọ́ sí i.
Ó ní, "Ṣebí ó ṣì ń gbé e?"
Ó ń gbé e lóòótọ́,
títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan tí kò gbé e mọ́.

N kò gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n ní ó dún.
Wọ́n ní mo dìde, mo gbọn aṣọ mi,
mo béèrè ta ló ń sunkún.
Èmi náà ni.

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ní àmúwá Ọlọ́run ni,
ó ní ohun tí orí bá yàn, ta ni yóò pa á rẹ́?
Adétutù dìde, adájọ́ kò tíì pè é:
"Orí tí ọkọ mi yàn, ọ̀run ló ti yàn án.
Èyí tí dókítà fi ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlógún rán yìí,
ṣéènì tí ẹ kò fẹ́ rà ló fọ́ ọ."
Adájọ́ ní kó jókòó. Ó jókòó.
Akọ̀wé kóòtù dojú bolẹ̀,
ó ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Owó gbà-máà-bínú ni wọ́n ń pè é.
Inú ni orúkọ náà ń bẹ̀. Imú ló lọ.

Lọ́yà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá
ẹ̀wà jóná lórí sítóòfù, mo jókòó tì í,
títí ọmọ fi sáré wọlé tó ń wúkọ́.
Ẹ kọ ọ́ pé mo gbàgbé orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lójú ara rẹ̀,
ó ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀.
Òórùn àdí tó wà nínú irun ìyàwó mi lálẹ́,
n kò mọ ibi tí mo gbé e sí.
Èló ni kílò ìyẹn?

Èmi tí mo ń díye lé ẹrù ẹlẹ́rù.
N kò ṣáà ní ta á ní iye kòkó tútù.
Lọ́yà kọ iye kan. Mo ní kó fi òdo kan kún un.
Ó wò mí.
Ó fi kún un.

Wọ́n sún ẹjọ́ sí oṣù Ọ̀wàrà.
Bí mo ti ń bọ̀ wálé, wọ́n sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú hóró kan, mo gbé e sí imú: òfìfo.
Mo wá gbé e sí etí, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
"Ó ku oòrùn ọjọ́ méjì,"
mo wí fún obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ tú u.
Ó ní òun mọ̀.